Àjò Kì í Dùn Kí Onílé Má Relé

Òwe yìí gbà pé arìnrìn-àjò nílé kan tó ń dúró dè é. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn lórí àjèjì ti máa ń le: ilé ta ni?

Kó tó di 1969, àwọn Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìgbóho ti pàtẹ káàkiri ọjà Gánà, dé Kumasi àti Tamale. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn sí, tí wọ́n ń sọ Twi bí ọmọ onílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré: kó gbàwé, tàbí kó kúrò. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní àjèjì ló gba ọjà mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Oníṣòwò tí wọ́n ń lé lọ wá ń ta ọjà rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Gbèsè tí oníbàárà jẹ ẹ́ di àwátì. Ọmọ tí a bí sí Kumasi wá ń “padà” sí Ọ̀fà tí kò dé rí. Àjò tuntun nìyẹn, ẹ má pè é ní ilé.

Nàìjíríà náà kò kọ́gbọ́n. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò níwèé ní oṣù Kìíní 1983. Àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Àdéhùn ECOWAS (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà) ti 1979 gbà wọ́n láàyè fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ìjọba ní wọ́n ti kọjá gbèdéke. Báàgì onílà tí wọ́n fi kẹ́rù ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go lọ́jà Èkó dòní.