Bí Iṣẹ́ Bá Pín, Ǹjẹ́ Ẹ̀bi Náà Pín Bí?

Bí àwọn ènìyàn bá pín iṣẹ́ kan ṣe, tí olúkúlùkù sì ṣe ipa tirẹ̀ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà bàjẹ́ síbẹ̀, orí ta ni kí a gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé? Bíríkìlà a ní ògiri òun tọ́. Káfíńtà a ní òrùlé òun kò ní àbùkù. Òjò a sì gba àárín àwọn méjèèjì wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Redemption Camp, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí Yunifásítì Redeemer's ti bẹ̀rẹ̀ ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Ẹni tí ó bá ti jókòó lábẹ́ òrùlé ńlá ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan lè fẹ́ mọ bí ooru ti ń rìn nínú páànù. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ibi tí ó bá tutù ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ yóò máa gbóná sí i, èyí tí ó bá gbóná jù wọ́n lọ yóò máa tutù. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ sílẹ̀ ní partial differential equation. Láti rí ìdáhùn rẹ̀, a óò gé páànù sí ègé onígun-mẹ́rin kéékèèké, a óò gé àkókò sí ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì máa ṣírò lọ.

Lóde òní, ẹnìkan kì í sábà dá gbogbo ètò bẹ́ẹ̀ kọ. Ẹ̀yà kan ń gé páànù, òmíràn ń mú àkókò rìn, òmíràn ń tú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ ni a ti to PETSc ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni FEniCS tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni ẹni tí ó ń lo ẹ̀yà tí kò tú wò. N kò gbà. Ta ní ń tú ẹ́ńjìnnì danfó wò kí ó tó wọ̀ ọ́ láti Mowe lọ sí Berger?

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nínú ọ̀nà ìṣirò ooru tí ó rọrùn jù lọ, bí a bá sọ ẹ̀gbẹ́ ègé kọ̀ọ̀kan di ìdajì, ibi tí ìṣísẹ̀ àkókò lè gùn mọ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tí kò bá pa á mọ́ yóò rí i tí iye ń ya wèrè: páànù tí oòrùn ń pa a tutù ju yìnyín lọ. Ẹni tí ó gé páànù kò ṣẹ̀, ẹni tí ó gé àkókò kò ṣẹ̀. Oríkèé ni wàhálà wà.

Wèrè tí ó ń pariwo ṣì sàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ 1991, ìpìlẹ̀ kọnkéré tí wọ́n ń ṣe fún ibùdó ìwapo Sleipner A rì sínú Gandsfjord ní Norway. NASTRAN, ètò tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀, kò bàjẹ́. Ègé tí wọ́n gé ògiri sí ni kò fín tó. Ìṣirò náà bu agbára tí ó fẹ́ ya ògiri kù ní ìdá 47 nínú 100, kò sì pariwo rárá.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó so ẹ̀yà pọ̀ ni ẹ̀bi kọ́kọ́ bá, nítorí òun nìkan ni ó rí ìhà méjèèjì. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀yà kò bọ́ pátápátá, bí ó bá mọ ibi tí agbára iṣẹ́ rẹ̀ pin tí kò kọ ọ́ síta. N kò sì dá pípín iṣẹ́ lẹ́bi, nítorí ohun tí a pín ni a lè pààrọ̀ apá kan rẹ̀: yọ agégèé yìí, fi èyí tí ó fín jù ú lọ sí i, kí o wò bóyá ìdáhùn yóò yẹ̀. Bí ó bá yẹ̀, kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń jókòó sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Sleipner A rì ni wọ́n ṣe ìṣirò tí ó fín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ìpìlẹ̀ náà yóò fọ́ ní jíjìn mítà 62. Mítà 65 ni ó ti fọ́.