Ẹlẹ́rìí Ni Ẹ Fẹ́ Jẹ́, Àbí Alukoro?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí kan àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìròyìn ní yunifásítì, àwọn tí ẹ ń pè ní ọmọ Mass Comm. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó ń kọ́ ìṣègùn tàbí ìṣirò má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí kò sí ẹnì kan nínú wa tí kì í gbọ́ ìròyìn, kò sì sí ẹni tí kì í gbé e lọ bá ẹlòmíràn.

Nígbà ìsinmi, tí wọ́n bá wálé, tí wọ́n sì yà sí ilé-kéwú níbi tí a ti kọ́ wọn ní alífù nígbà kékeré, a máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Ìdáhùn wọn kì í jìnnà síra. Èyí fẹ́ máa ka ìròyìn lórí tẹlifíṣàn kí gbogbo àdúgbò lè mọ ojú rẹ̀. Èyí fẹ́ ní ètò tirẹ̀ lórí rédíò. Òmíràn ní báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ elépo rọ̀bì ni òun ń wò, kí wọ́n fi òun ṣe alukoro wọn, nítorí ibẹ̀ ni owó oṣù ti ń wọlé déédéé. Láyé òde òní, ọ̀pọ̀ wọn tún fẹ́ kí èrò máa tẹ̀ lé wọn lórí fóònù. Ẹni tó máa sọ pé ilé-ẹjọ́ ni òun fẹ́ máa jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tàbí pé òun fẹ́ máa lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ná owó kànga, irú wọn kò pọ̀. Àwọn ọmọbìnrin wa tún ní ìbéèrè tiwọn: ṣé wọn yóò gbà kí àwọn jókòó síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú hijáàbù lórí? Ìyẹn tó àròkọ lọ́tọ̀, a ó sì padà sí i lọ́jọ́ mìíràn bí Ọlọ́hun bá fẹ́. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èdè Yorùbá ni òun fẹ́ máa fi kọ̀ròyìn, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wa la rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń du Aláròyé rà lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ lẹ́yìn tó jáde ní 1996.

A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú wọn. Wíwá ìjẹ-ìmu lọ́nà halali, ìjọ́sìn ni, òbí tó sì ta ilẹ̀ láti fi rán ọmọ níwèé kò ṣẹ̀ bó bá ń retí kí ọmọ náà rí jẹ. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, iṣẹ́ méjì tí kò jọra ni wọ́n dà pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn láàárọ̀ ní Ìwó kò sí ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá lánàá. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kò rí ẹni tó sùn, kò mọ iye owó tí wọ́n bu ọwọ́ lù. Oníròyìn ló bá a fi ojú rí i. Nínú Súrátul-Hujurát, áyà kẹfà, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ pé bí ẹni tí ìwà rẹ̀ kò mọ́ bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀, kí á má baà ṣe àwọn kan ní jàǹbá láìmọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó gbọ́ ìròyìn ni àṣẹ náà dojú kọ. Ṣùgbọ́n báwo ni ará Ìwó yóò ṣe wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Àbújá? Kò ní owó ọkọ̀, kò ní àyè, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò sì ní jẹ́ kó wọlé. Ó fi ìwádìí náà lé oníròyìn lọ́wọ́. Oníròyìn wá di wákílì rẹ̀ nínú ohun tí Ọlọ́hun pa láṣẹ fún un, àmánà sì ni.

Iṣẹ́ kejì ni ti alukoro. Ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan gbà á pé kó máa sọ̀rọ̀ fún òun, kó máa fi ibi tó dára hàn, kó sì máa dáhùn bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ òun láìdáa. Àwọn ọlọ́pàá ní alukoro, yunifásítì ní, ẹgbẹ́ wa yìí náà ní. Bí alukoro kò bá parọ́, a kò rí èèwọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ọ mọ ẹni tó rán an wá. Ohun tí a rí tó burú ni alukoro tó wọ aṣọ ẹlẹ́rìí.

Láàárọ̀ ọjọ́, a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mass Comm bí a ṣe ń wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ rí. Nígbà tó bá di ọ̀sán, nínú kíláàsì mìíràn, a ń kọ́ ọ bí a ṣe ń dáàbò bo orúkọ ilé-iṣẹ́. Ẹ̀ka kan náà ni, olùkọ́ kan náà nígbà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nsukka ní 1961 àti ní Èkó ní 1966. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ni àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì pín in sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí iṣẹ́ ìròyìn dá dúró, tí iṣẹ́ alukoro náà dá dúró. A rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ yóò mọ ilẹ̀kùn tí òun gbà wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tí a ń sọ ni pé kí oníròyìn má ní ẹgbẹ́ tàbí èrò tirẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949, Alhaji Lateef Jakande sì jẹ́ olóòtú níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó di gómìnà Èkó ní 1979. Kò sí ẹni tó ra Tribune láyé ìgbà náà tí kò mọ ibi tí ọkàn olówó rẹ̀ wà. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ wọn yóò rà á tìfura-tìfura, ẹni tó fẹ́ràn wọn yóò rà á tayọ̀tayọ̀, kò sí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Ẹ wá fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Daily Times. Alhaji Babatunde Jose wọ ilé-iṣẹ́ náà ní 1941 gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ tí kò ní oyè yunifásítì kankan, ó di olóòtú ní 1957, ó sì di ọ̀gá gbogbo ilé-iṣẹ́ náà. Ní 1975 ìjọba ológun gba ìpín 60 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà. Orúkọ ìwé náà kò yí padà, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, fẹ́ńdọ̀ sì ń ké e ní ojú pópó bó ṣe ń ké e tẹ́lẹ̀. Ìjọba tó yẹ kó máa jẹ́rìí lé lórí ló wá di olówó rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn ti rí i. Kọmíṣọ́nnà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n pín mímu, lẹ́yìn náà alukoro rẹ̀ pe ẹni tó jẹ́ olórí àwọn oníròyìn sí kọ̀rọ̀. Olórí kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n sì pín àpò lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń pè é; àwọn tí kì í fi bò ń pè é ní ẹ̀gúnjẹ. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé kí o purọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, o kò ní kọ irọ́ kankan. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn rẹ nípa kọ́ńtíráàtì ọ̀nà tí wọn kò parí, o kò sì bi í mọ́. Yorùbá ní bẹ́nu bá jẹ, ojú a tì. Ará Ìwó ka ìròyìn rẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì mọ̀ pé ìbéèrè òun ni wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ.

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀bùn ni, pé àṣà wa ni kí á má jẹ́ kí àlejò lọ lásán. Bí kọmíṣọ́nnà bá fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní omi àti móínmóín, títí kan awakọ̀ àti ẹni tó to àga, àlejò ṣíṣe nìyẹn. Èyí tí orúkọ wà fún, tí wọ́n ń pín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, tí kò dé ọwọ́ awakọ̀, ẹ jẹ́ kí á pè é ní ohun tó ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbọ́n yóò bi wá ní èyí tó le jù: "Bí ilé-iṣẹ́ mi kò bá san owó oṣù ńkọ́?" Òótọ́ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn wà ní ilẹ̀ yìí tó máa ń jẹ oníṣẹ́ ní owó oṣù mélòó kan, àwọn olówó kan sì wà tí ìṣe wọn ń sọ fún oníròyìn pé káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n fún un ni owó oṣù rẹ̀, kó lọ fi wá oúnjẹ. A kò lè dá ẹni tí ebi ń pa lóhùn pẹ̀lú ìwàásù lásán.

Àwọn onímọ̀ hádíìsì ti bá irú ìbéèrè yìí jà láyé àtijọ́, nítorí àwọn náà wà lẹ́nu iṣẹ́ pé ta ló sọ ọ́ fún ọ, ṣé ẹ pàdé, ṣé orí rẹ ṣì pé nígbà tí o sọ ọ́. Wọ́n bi ara wọn pé ṣé ẹni tó ń gba owó kó tó ka hádíìsì ṣeé gbà lẹ́rìí. Imam Ahmad bin Hanbal wà lára àwọn tó ní rárá. Ṣùgbọ́n Abu Nu'aym al-Fadl bin Dukayn, ará Kufa, gba owó. Nígbà tí wọ́n bá a wí, ó ṣàlàyé pé ènìyàn 13 ló wà nínú ilé òun, búrẹ́dì kò sì sí níbẹ̀. Síbẹ̀ Imam Bukhari, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, gba hádíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó sanwó fún Abu Nu'aym: ẹni tó fẹ́ gbọ́ ni. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ìtàn ti Ghiyath bin Ibrahim tún wà, tó wọlé tọ Kálífà al-Mahdi lọ, ó sì bá a níbi tó ti ń fi ẹyẹlé ṣeré. Ó ka hádíìsì kan tó sọ irú eré ìje tí a lè fi ẹ̀bùn sí, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìyẹ́ ẹyẹ kan kún un láti fi dùn mọ́ ọba nínú. Al-Mahdi fún un ní dírhámù 10,000, ṣùgbọ́n bó ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, ọba ní òpùrọ́ ni, ó sì ní kí wọ́n pa àwọn ẹyẹlé náà. Ẹni tó san owó pàápàá kò gbà á gbọ́.

Ìyàtọ̀ tí a ń wá nìyẹn. Owó tí òǹkàwé san láti ra ìwé ìròyìn, owó ìpolówó tí gbogbo ayé rí pé ìpolówó ni, owó oṣù tó ti ibẹ̀ wá, halali ni. Owó tó wá ní kọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ẹni tí o fẹ́ jẹ́rìí lé lórí, ẹ̀tọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ lo fi ń tajà. Ebi lè dín ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kù, a sì gbà pé púpọ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà yóò lọ sí ọrùn olówó tó jẹ ọ́ ní gbèsè, ì báà jẹ́ Alhaji tó kọ́ mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí o tà di tìrẹ. Ẹ̀yin tó ń gba owó láti yin ọtí ẹlẹ́rìndòdò lórí fóònù, tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ọkàn yín ló gbé e wá, ẹ̀yin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n sanwó.

A kò fẹ́ tàn yín jẹ pé iṣẹ́ ẹlẹ́rìí rọrùn. Ní 1973, ní Port Harcourt, Minere Amakiri kọ ìròyìn nípa ìjà owó àwọn olùkọ́, ọ̀rọ̀ tó kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ gan-an. Ọjọ́ ìbí gómìnà ológun ni ìròyìn náà bọ́ sí. Wọ́n fá irun orí rẹ̀, wọ́n sì nà án ní ẹgba 24. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari, Òfin Kẹrin sọ pé ìròyìn tó bá fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀sín lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n, ì báà jẹ́ òótọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian fi ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan gbára. Dele Giwa kú ní ilé rẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá 1986, nípa bọ́ǹbù tí wọ́n fi sínú lẹ́tà, a kò sì tíì rí ẹni tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìyà tó máa ń jẹ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí kò tó báyìí, kì í sì í wọ ìwé ìtàn: wọn kò ní pè ọ́ mọ́, orúkọ rẹ yóò kúrò lára àwọn tó máa bá gómìnà rìnrìn àjò, ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò máa pè ọ́ ní aláàfáà-ẹ̀yin-ẹ̀rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá wu láti ṣe alukoro báńkì nínú yín, kó lọ, kó sì kọ orúkọ báńkì náà gàdàgbà sí káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí, kó béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń san owó oṣù kó tó bu ọwọ́ lùwé, kó sì ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tó lè gbé e dúró, ìránṣọ ni o, lẹ́sìnnì ni o, ìtumọ̀ èdè ni o. Bí ọjọ́ bá wá dé tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn ní ọsibítù, tí ilé-iṣẹ́ ti jẹ ọ́ ní owó oṣù mẹ́fà, tí àpò lẹ́tà sì bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, tí o kò lè dá a padà, àwa kò ní dúró lókè réré láti pè ọ́ ní oníkọ̀bẹ́. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ ìròyìn náà. Gbé ìwé tí o fi kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ tí kò gba nǹkan, sọ ìbéèrè ọ̀nà tí wọn kò parí yẹn sí i létí, kí o sì jẹ́ kó fi orúkọ tirẹ̀ sí i.