Ẹni Tó Ṣubú àti Ẹni Tó Ń Wá Ẹni Tó Tì Í

Àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe sílẹ̀ fún wa kò fi ọ̀rọ̀ ìṣubú ṣeré rárá. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí pé ìyá rẹ̀ ni ó ń retí, kí ó wá fà á dìde, kí ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, kí ó sì bá a na ilẹ̀ tí ó gbé e ṣubú. Ṣùgbọ́n àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ̀ bóyá gbòǹgbò ni ó fi ẹsẹ̀ kọ, tàbí òkúta, tàbí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gan-an ni kò gbé sókè tó. Bí mo ti ń wo ìṣe wa láyé òde òní, ó dà bí ẹni pé irú ẹnì kẹta kan ti dé sáàárín wa tí àwọn baba wa kò pa òwe mọ́. Òun náà ń wo ẹ̀yìn, a kò sì lè pè é lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbòǹgbò ni ó ń wò, kì í ṣe òkúta, ẹni tí ó ti òun ni ó ń wá, bí kò bá sì rí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn, yóò dárúkọ ẹni tí ó wà nílé rẹ̀ tí kò tilẹ̀ gba ọ̀nà náà kọjá.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọn a ní olùkọ́ ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọjà kò bá tà, wọn a ní ẹni tí ó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ ni ó ti lọ fọwọ́ kan nǹkan. Bí ọkọ̀ bá dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà oko, tí ẹni tí ó ni ín kò sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ láti èṣí, àwọn ará abúlé ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ náà. Àdúrà ọ̀gànjọ́ tí ì bá jẹ́ ti ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ti di ti ọ̀tá nìkan, títí ó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn lè ka orúkọ ọ̀tá rẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀ láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé kí ni òun alára ṣe tì nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ a wọ́lẹ̀.

Èmi kì í ṣe ẹni tí yóò dìde kí ó sọ pé kò sí ọ̀tá láyé. Abínú-ẹni ń bẹ, adánilágara ń bẹ, ẹni tí yóò bá ni rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án tí yóò sì gbẹ́ kòtò de ni lóru kò wọ́n rárá. Bẹ́ẹ̀ ni n kò bá àwọn baba wa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orí, pé olúkúlùkù ni ó kúnlẹ̀ yan tirẹ̀ kí ó tó wá sáyé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn baba wa wọ̀nyí fi ìgbàgbọ́ wọn ṣe. Ẹni tí ọ̀ràn dé bá, tí ó sì tọ Ifá lọ, kò sí babaláwo kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ tí í ní kí ó padà sílé kí ó lọ káwọ́ gbera. Yóò dárúkọ ẹbọ, ẹni tí a dífá fún náà ni yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà ọjà láti wá ohun ẹbọ, òun ni yóò náwó, òun ni yóò sì jáwọ́ nínú ìwà tí a bá ní kí ó jáwọ́ nínú rẹ̀. Nínú ìtàn Ifá, ẹni tí ó gbọ́ rírú ẹbọ tí kò rú ni ojú máa ń tì níkẹyìn, Ọ̀rúnmìlà kì í sì í bá a wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi náà rù. Èyí já sí pé àwọn tí wọ́n gba àyànmọ́ gbọ́ jù wá lọ kò fìgbà kan fi àyànmọ́ ṣe àga ìjókòó.

Ìtàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi bí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí. Samuel Johnson ni ẹ̀gbọ́n, àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́, ìran Aláàfin Abíọ́dún, ẹni tí a bí ní Sàró ní 1846 tí baba rẹ̀ sì kó wọn padà wá sí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Ó lé ní ogún ọdún tí ọkùnrin yìí fi ń ṣa ìtàn ilẹ̀ Yorùbá jọ, tí ó ń jókòó ti àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́, tí ó ń bi àwọn àgbà tí ogun ṣojú wọn léèrè, nítorí ó rí i pé bí wọ́n ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan ni ìtàn ń bá wọn wọ ilẹ̀. Ìjákulẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1881, nígbà tí ogun Kírìjì ń gbóná, òun ni ó gbé ìwé Aláàfin Adéyẹmí lọ bá gómìnà ní Èkó pé kí wọ́n wá bá wọn parí ìjà náà. Ìwé dé, ogun kò tán. Ní 1886, òun náà ni a tún rí lójú ọ̀nà ibùdó ogun, òun àti Àlùfáà Charles Phillips, tí wọ́n ń ru ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ọ̀dọ̀ gómìnà lọ bá àwọn ọ̀gágun ìhà méjèèjì, lọ́tẹ̀ yìí ni wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.

Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Ní 1899 a fi àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́, nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan, sí òǹtẹ̀wé kan nílùú Òyìnbó, láti ìgbà náà ni a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Obadiah àbúrò rẹ̀, dókítà oníṣègùn ní Èkó Akéte, ẹni tí ó ti gboyè ní Edinburgh, rìnrìn àjò lọ sọ́hùn-ún ní 1900, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ òǹtẹ̀wé náà lọ. Èsì tí ó bá níbẹ̀ kò ju pé a kò mọ ibi tí ìwé náà há sí, pé a wá a, a kò rí i, ṣùgbọ́n pé a ṣe tán láti san owó rẹ̀. Owó! Èló ni a ń ta ogún ọdún? Ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní 1901, ni Samuel jáde láyé.

Bí ó bá jẹ́ èmi tàbí ìwọ, a ti rí ẹni tí a ó máa bú títí a ó fi re ibi àgbà ń rè. Obadiah kò sì ṣe bí ẹni tí kò ríran, nítorí bí a bá ń sunkún a máa ń ríran. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ó kọ sí ìwé náà, ó sọ ọ́ kedere pé ìsọnù yìí ru òun lójú, pé ó jọ bí ẹni pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ aṣọ. Ó sọ ìfura rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó sọ tẹ̀ lé e ni ó wú mi lórí jù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fi àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ sílẹ̀, omi ló dànù, agbè kò fọ́, òun ni ó sì kù tí yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn èyí ni ó wá jẹ́wọ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí iṣẹ́ náà wà nílẹ̀, pé títóbi rẹ̀ dẹ́rù ba òun, pé iṣẹ́ ìṣègùn kò fún òun láyè, pé òun ń dáwọ́ lé e, òun sì ń pa á tì. Ẹ wo bí ọkùnrin yìí ti pín ẹ̀bi. Ti òǹtẹ̀wé, ó fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ká a kúrò nílẹ̀. Tirẹ̀, ó kà á lẹ́sẹẹsẹ níwájú ẹnikẹ́ni tí yóò bá ṣí ìwé náà. Òǹtẹ̀wé ni ó sọ ìwé nù, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òǹtẹ̀wé kọ́ ni ó ni wọ́n, Obadiah sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Atẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Ó tún un kọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi léèrè ti di ẹni àná, tí kò sí bí ó ti lè padà tọ̀ wọ́n lọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, ìwé kejì yìí wọ ọkọ̀ ojú omi Appam, ó di ìlú Òyìnbó. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe dá Appam lọ́nà lójú òkun, wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, wọ́n sì tù ú lọ sí etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú gbogbo ẹrù inú rẹ̀. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ìtàn Ọ̀yọ́ wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi yọ padà, ogun ti sọ bébà di ọ̀wọ́n gógó, ìtẹ̀wé tún dúró. Obadiah kú ní 1920. Ìwé náà jáde ní London ní 1921, nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà kò sì sí ẹni tí ó fi ojú kàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni irú ìwà yìí. Obìnrin aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ gé àǹkárá oníbàárà kan kúrú nígbà tí òkú ṣíṣe ku ọjọ́ díẹ̀; aṣọ ẹbí ni, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà mọ́. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń sọ pé tépù ni, pé orí tépù ti já. Ìyá náà kò nà án. Ó gbé tépù náà wò, ó rí i pé lóòótọ́ ni irin orí rẹ̀ ti bọ́, pé bíńtín ti lọ nínú ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní, “Ìgbà wo ló já?” Ọmọ náà ní ó ti pẹ́, mà. Ó ní, “Ta ló ń lò ó láti ìgbà náà?” Ọmọ náà ní òun ni. “Ta lo sọ fún?” Ọmọ náà wolẹ̀. Ìyá náà gbé aṣọ náà, ó tọ oníbàárà rẹ̀ lọ, kò dárúkọ ọmọ-iṣẹ́, kò dárúkọ tépù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, mo ba aṣọ yín jẹ́,” ó sì ní òun yóò wá aṣọ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ bá a mu láti fi lé e nísàlẹ̀, òun kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ọmọ-iṣẹ́ náà ni ó lọ ra tépù tuntun, owó ara rẹ̀ ni ó fi rà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀, kí a má baà sọ ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí di pàṣán tí a ó máa fi na ẹni tí ọ̀ràn dé bá. Ẹni tí iná jó ìsọ̀ rẹ̀, àgbẹ̀ tí ọ̀dá pa iṣu rẹ̀ sínú ebè, òṣìṣẹ́ tí a jẹ ní owó oṣù, kì í ṣe ìwàásù ni a fi ń kí wọn kú ewu. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan wà lórí àga ọlá tí ó dùn mọ́ wọn nínú pé kí mẹ̀kúnnù máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kí ó má baà ráyè bi àwọn léèrè ohun tí wọ́n fi owó ìlú ṣe. Àwọn wọ̀nyẹn gan-an ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀bi, ọ̀tọ̀ ni ojúṣe. Ẹni tí olè wọ ilé rẹ̀ kò jẹ̀bi olè, òun náà ni yóò sì kan ìlẹ̀kùn mìíràn. Kí ó ké sí ọlọ́pàá, kí ó gégùn-ún fún olè bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ má ṣú bá a láìkan ìlẹ̀kùn.

Ó wá ku ti àṣeyọrí, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀bi í dì rù kì í sábà mọ ọlá í pín. Ẹni tí ó ní ayé ni ó ba iṣẹ́ òun jẹ́ lánàá, bí iṣẹ́ bá gún lónìí, ọpọlọ òun nìkan ni yóò máa kì. Kò ní rántí ẹni tí ó yá a lówó, kò ní rántí ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Èyí ni ó mú mi padà sí ìwé Johnson. Obadiah ni ó tún un kọ. Bí ó bá fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú, tàbí tí ó tilẹ̀ fi í sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ni ì bá bá a jà? Òkú kì í ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n ojú ewé àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ títí di òní: Àlùfáà Samuel Johnson, ti Ọ̀yọ́, ni ó kọ ọ́, Dókítà O. Johnson, ti Èkó, ni ó ṣe olóòtú rẹ̀. Gbogbo làálàá tí ọkùnrin náà ṣe, olóòtú ni ó pe ara rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ dídùn lórí ohun tí à ń pè ní ọmọlúàbí, n kò sì tíì gbọ́ èyí tí ó yé mi tó ojú ewé kan yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé náà nílé, ẹ ṣí i wò, kí ẹ sì fi han àwọn ọmọ yín.