Abẹ́ Ọkọ̀ La Ti Ń Mọ Wẹ́dà

Bí ìpẹtà bá jẹ sàlẹ́ńsà ọkọ̀, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí wẹ́dà ṣe sí i ni kì í hàn síta, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí.

Páìpù sàlẹ́ńsà kò nípọn. Bí iná bá pọ̀ jù, ihò kékeré á di ńlá. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á tú orí bátìrì, kí iná má baà ba ọpọlọ ọkọ̀ jẹ́. Á ha ìpẹtà títí irin gidi á fi yọjú. Á wo ibi tí táǹkì epo wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Apá òkè páìpù, èyí tó kọjú sí ilẹ̀ ọkọ̀, ló wá kù. Ojú oníọkọ̀ kì í débẹ̀. Ẹlòmíràn á jó ìsàlẹ̀ nìkan, á ní, "Ọ̀gá, ó ti parí." Ariwo á rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èéfín lè máa yọ́ wọnú ọkọ̀. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pààyàn. Bẹ́ẹ̀ kí wẹ́dà ní kí wọ́n ṣíná ọkọ̀, kó fi àkísà dí ẹnu páìpù díẹ̀, kó dẹtí sílẹ̀ bóyá èéfín ń yọ níbì kan, kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ẹlẹ́rìí kan sì wà lábẹ́ ọkọ̀ o: ọmọ iṣẹ́ tó mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ohun tó rí lónìí ni yóò máa ṣe lọ́jọ́ tó bá gba fíríìdọ̀ọ̀mù.

Ti kátálíìsì ló burú jù. Ojú ọ̀nà èéfín ló wà, láti dín májèlé rẹ̀ kù; láti ọdún 1975 ló ti wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọjà. Oníọkọ̀ á gbé ihò kékeré wá, wẹ́dà á gé kátálíìsì kúrò, á fi páìpù lásán rọ́pò rẹ̀, á tún gbowó iṣẹ́. "Ó ti dí ni." Ó máa ń dí nígbà mìíràn lóòótọ́, ṣé ìyẹn wá sọ ọ́ di tìẹ ni? Olè ni. Irin sì ni àwọn oníṣẹ̀ṣe fi ń búra ní kóòtù o, irin tí wẹ́dà ń jó yìí kan náà!

Àwa oníọkọ̀ náà kò mọ́. Ẹni tó ná wẹ́dà títí owó kò fi tó ra ẹ̀lẹ́kítíróòdù mọ irú iṣẹ́ tó ń rà. Ẹni tó lẹ sàlẹ́ńsà pọ̀ lálẹ́ tó sì ta ọkọ̀ náà láàárọ̀, tó ní ọkọ̀ òun kò lárùn, kò sàn ju ẹni tó gé kátálíìsì lọ.

Ẹ̀yin oníọkọ̀, ẹ sanwó tó tọ́ sí iṣẹ́, kí ẹ sì gba ohunkóhun tí wọ́n bá gé kúrò lára ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jó òkè páìpù náà.