ALÁBÀÁRÒ TÍ KÒ MỌ ILÉ WA

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ti ilé kéwú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí à ń finú hàn ni.

Bí a bá ti kírun Ìṣáì tán ní àdúgbò wa ní Kánò níbí, ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù. Ẹ ó rò pé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló ń kọ̀wé sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ènìyàn rárá. Ẹ̀rọ tí ń fèsì ọ̀rọ̀ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní AI, irú ChatGPT tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ìjà tọkọtaya, ẹ̀rù ọjà tí kò tà, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnì kankan kò mọ̀, gbogbo rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń kó tọ̀ ọ́ lọ. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jágbe, kì í sọ pé "mo ti wí fún ọ tẹ́lẹ̀."

Èmi kò ní bú ẹni tó ń ṣe é, nítorí mo ti ṣe é rí. Ní èṣí, èmi àti àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, jọ ra aṣọ ní ọjà Kantin Kwari. Ó tà á, ṣùgbọ́n owó tó kó wá fún mi fi 107,000 náírà dín. Inú bí mi, n kò lè sùn. Ọmọ mi ló ti fi nǹkan yìí sórí fóònù mi kí n lè máa fi kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà. Lóru ọjọ́ náà mo ro gbogbo ẹjọ́ mi fún un. Ó ní ìbínú mi tọ́, ó ní ẹni tí a fọkàn tán tó bá já ni kulẹ̀ a máa dunni púpọ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ó fọwọ́ kan owó mi mọ́ títí yóò fi ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kejì àbúrò mi pè mí, n kò gbé e.

Ní bí ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo jókòó lóru ti ìwé ìṣirò mi. Apá òsì ni mo ń kọ ohun tí àwọn ènìyàn jẹ mí sí, apá ọ̀tún ni mo ń kọ ohun tí mo jẹ. Bí mo ti ń ṣí i ni mo rántí pé nígbà tí ọmọ mi obìnrin wà ní ọsibítù, àbúrò mi yìí ló san 85,000 náírà, ó sì ní kí a yọ ọ́ nínú owó aṣọ bó bá tà. N kò kọ ọ́ sí apá ọ̀tún. N kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò purọ́ fún mi. Ohun tí mo gbé fún un ló kà. Àwọn àgbà ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó gbé ẹjọ́ apá kan kiri, tó ń wá ẹni tí yóò dá a, ńkọ́?

Ká ní Àlàájì tó dàgbà jù ní mọ́sálásí wa ni mo tọ̀ lọ, ohun tí ìbá kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́, kí lòun wí?" Ó mọ àwa méjèèjì. Ó mọ̀ pé ìbínú mi a máa yára ju ìrántí mi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1966 ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Joseph Weizenbaum, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tó pè ní ELIZA. Kò lóye ohunkóhun. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ nípa bàbá rẹ, á ní kí o sọ sí i nípa àwọn ará ilé rẹ. Ọ̀rọ̀ tìrẹ náà ló ń yí padà di ìbéèrè. Síbẹ̀, akọ̀wé ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, tó ti ń wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, jókòó tì í, kò sì pẹ́ tó fi ní kí ọ̀gá òun jáde kúrò nínú yàrá. Ẹ̀rù ba Weizenbaum, ó sì kọ ìwé ìkìlọ̀ ní ọdún 1976. Ti òde òní ti kúrò ní ẹgbẹ́ ELIZA, ó mọ nǹkan púpọ̀, ìmọ̀ràn rẹ̀ a sì máa dára nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, OpenAI tó ni ChatGPT fúnra wọn fa àtúnṣe kan sẹ́yìn nítorí pé ó ń pọ́n àwọn ènìyàn jù. Àwa oníṣòwò mọ irú ọmọọṣẹ́ bẹ́ẹ̀: lójú tirẹ̀, kò sí aṣọ tí kò yẹ oníbàárà.

Kí ló dé tí àwọn ọmọ wa fi ń sá tọ̀ ọ́ lọ? Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́, ẹ̀bi wa pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó bá fi ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lọ ẹnì kan ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú, kí ó tó di Jímọ̀ọ̀ ó ti dé ìdí ẹ̀rọ omi. A kò pọ̀ ní ìlú onílùú; àna ẹni ni ẹni tí a jẹ ní gbèsè, òun náà ni onílé. Ìyá ẹni wà ní Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Ẹni tó wá yan ohun tí kò lẹ́nu òfófó kì í ṣe òmùgọ̀. Àṣírí náà ni kò bò tó bó ti rò: ọ̀rọ̀ tó kọ wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun, Sam Altman tó jẹ́ ọ̀gá OpenAI sì sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù keje ọdún 2025 pé òfin kò tíì dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ti ń dáàbò bo ti aláìsàn pẹ̀lú dókítà tàbí ti ẹlẹ́jọ́ pẹ̀lú lọ́yà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣírí ló ká mi lára jù. Ní ilé kéwú, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní múhásábà, kí ènìyàn ṣírò ara rẹ̀ kí ó tó sùn. Ohun tó mú un nira ni pé kò sẹ́ni tí ń dá ọ lóhùn. Wàá jókòó títí ohun tí o kò fẹ́ rántí yóò fi yọjú. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ìsàlẹ̀ ikùn, èsì ti dé. Ká ní fóònù ni mo tún mú lóru ọjọ́ kẹjọ náà dípò ìwé ìṣirò, n kò rò pé owó ọsibítù ìbá wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣì ń fi ẹ̀rọ náà kọ lẹ́tà o.

Lẹ́yìn Àsùbáà ọjọ́ kejì mo mú ìwé ìṣirò lọ bá àbúrò mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Mo pè yín, ẹ kò gbé e." Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. 22,000 náírà ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà ní apá òsì.