Ìgbàgbọ́ Wa àti Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Wa

 

*Kíkà:* Mátíù 4:5-7, Jòhánù 9:1-3

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí nìyí: bí ọkùnrin àti obìnrin tí àwọn méjèèjì jẹ́ AS bá ní àwọn á fẹ́ra, pé ìgbàgbọ́ làwọn fi ń ṣe é, ṣé ìgbàgbọ́ ni lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí kíláàsì bàọ́lọ́jì. Ẹni tó bá ṣe sáyẹ́ǹsì dé SS3 á ti gbọ́ orúkọ Gregor Mendel. Ẹni Ọlọ́run ni bàbá yìí o! Ilé àwọn mọ́ńkì ló ń gbé ní ìlú Brno, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Czech Republic lónìí. Ọdún púpọ̀ ló fi ń gbin green peas, irú èyí tí à ń fi sínú ìrẹsì díndín, tó ń ka ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1866 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ohun tó rí ni pé ọmọ ń gba ìdajì lọ́wọ́ bàbá, ó ń gba ìdajì lọ́wọ́ ìyá, àti pé nǹkan lè fara pamọ́ sára òbí kó wá yọjú lára ọmọ.

Bí jẹ́nótáìpù ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ AS, A kan, S kan ló wà lára rẹ̀. Kì í ṣe aláìsàn. Kódà, S kan ṣoṣo yẹn máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà tó le, ìdí tó fi pọ̀ láàárín àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí AS méjì bá fẹ́ra, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ AA, ìpín méjì ni pé á jẹ́ AS, ìpín kan ni pé á jẹ́ SS. Ẹ fetí sí "oyún kọ̀ọ̀kan" yẹn dáadáa. Àwọn kan rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Rárá o. Oyún kejì ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ọmọ tó bá jẹ́ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé. Èyí tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í sábà lò ju 20 lọ. Á dí ojú iṣan tóóró, ìrora inú egungun á dé. Òun là ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Wàyí o, Èṣù gbé Jésù dé ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì, ó ní kó bẹ́ sílẹ̀, ó tún fi Ìwé Mímọ́ tì í lẹ́yìn pé àwọn áńgẹ́lì á gbé e. Jésù kọ̀. Kì í ṣe pé Ó ṣiyèméjì nípa agbára Bàbá Rẹ̀. Ó mọ̀ pé kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ kó sínú ewu, kó wá ní kí Ọlọ́run fi ara Rẹ̀ hàn níbẹ̀, dídán Ọlọ́run wò ni. Ẹ sì tún wò ó: Jésù fúnra Rẹ̀ ni wọ́n ní kó bẹ́. Ara Rẹ̀ ni ìbá fọ́. Ní tiwa, àwa la dúró lókè tẹ́ḿpìlì, ọmọ tí a ò tíì bí la fẹ́ tì sísàlẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí ẹlòmíì máa san gbèsè rẹ̀, tí ẹni náà ò sì sí níbẹ̀ láti sọ pé òun gbà tàbí òun ò gbà, irú ìgbàgbọ́ wo nìyẹn?

Ẹnìkan á ní, "Ajíhìnrere, ṣé Ọlọ́run ò lè wò ó sàn ni?" Ó lè ṣe é, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣubú là ń gbàdúrà fún. A kì í ti èèyàn ṣubú ká lè rí ẹni gbàdúrà fún.

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì o. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá jẹ́ SS láàárín wa kì í ṣe abíkú, kì í ṣe ègún. Ọ̀pọ̀ òbí ni ò mọ jẹ́nótáìpù wọn nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Ká má fi ìka tọ́ wọn. Kéèyàn ti mọ̀, kó wá dijú, ìyẹn ló yàtọ̀. Ìrora la ń sá fún, a ò sá fún ènìyàn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọra, kó má jẹ́ ìgbà tí a ti pín aṣọ ẹbí tán. Ẹ ṣe é níbi méjì, torí èsì àyẹ̀wò lè ṣì nígbà míì. Ẹ̀yin AS tẹ́ ẹ ti fẹ́ra, ẹ má tú ilé yín ká. Ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oyún tó dé, ẹ sì tètè ṣàyẹ̀wò fún ọmọ tẹ́ ẹ bá bí. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

*Àdúrà:* Bàbá, fún wa ní ìgbàgbọ́ tó lójú. Tu gbogbo ẹni tí ìrora yìí ń bá fínra nínú lónìí, kí O sì fi wá ṣe ìrànlọ́wọ́ fún wọn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ kan tó ń múra ìgbéyàwó. Ọjọ́ òní á san wá o.