Gbòǹgbò Tí Ó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀

Bíbélì Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 13:19-29, Éfésù 4:26-32, Hébérù 12:14-15

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, a máa ń gbọ́ kí onígbàgbọ́ wí pé, "Mo ti dárí jì í, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bá mi sọ̀rọ̀ mọ́." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì pa ìsìn jẹ. Ǹjẹ́ a lè sọ pé ọkàn rẹ̀ mọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù yẹ ìbéèrè yìí wò.

Ẹ wo Ábsálómù. Ámnónì fi ipá ba Támárì, arábìnrin rẹ̀, jẹ́. Dáfídì ọba gbọ́, ó sì bínú, ṣùgbọ́n a kò kà á pé ó dá ẹjọ́ náà. Ábsálómù kò bá Ámnónì sọ rere, kò sì bá a sọ búburú. Ọdún méjì gbáko ni ó fi dákẹ́. Ẹni tí ó bá rí i nígbà náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àsè ìrẹ́run àgùntàn, ó pàṣẹ, wọ́n sì pa Ámnónì. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ábsálómù ní ẹjọ́ tòótọ́. A ṣẹ ẹbí rẹ̀ ní ìṣẹ̀ ńlá. Síbẹ̀, àre tí ó ní kò gbà á lọ́wọ́ ìkorò. Àre náà gan-an ni ó fi ń bọ́ ọ.

Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ha ni kí inú bí ni? Rárá o. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé inú lè bí ènìyàn. Ohun tí ó kọ̀ ni pé kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú wa. Jésù pẹ̀lú kọ́ wa nínú Mátíù 18:15 pé kí a lọ bá arákùnrin tí ó ṣẹ̀ wá, kí a sọ ẹ̀bi rẹ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀. Ìbínú tí a sọ jáde ní ọ̀nà rere lè rí àtúnṣe. Èyí tí a gbé pamọ́, tí a ń tọ́jú bí owó èlé, ni ó ń di ìkorò.

Àwọn àgbẹ̀ inú kíláàsì wa mọ èkan dáadáa. Bí o ṣán an, yóò tún yọ. Bí o fi iná sun ún, yóò tún yọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n a wa gbòǹgbò náà jáde, a sì gbin ohun tí ewé rẹ̀ yóò bo ilẹ̀, nítorí èkan kì í ṣe dáadáa lábẹ́ ìbòòji. Báyìí ni Éfésù orí 4 ti rí. Ẹsẹ 31 ní kí a mú ìkorò, ìbínú àti àrankàn kúrò. Kíá ni ẹsẹ 32 sì sọ ohun tí a ó gbìn: inú rere, ìyọ́nú àti ìdáríjì. Ilé tí a gbá mọ́ tí a sì fi sílẹ̀ lófìfo kò ní ààbò, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti kọ́ni nínú Mátíù 12:43-45.

Ìdáríjì kò sọ ibi di rere. Akápò tí ó ná owó ìjọ lè rí ìdáríjì, kí ó sì ṣì ṣe ìṣirò, kí a má sì tún gbé àpò lé e lọ́wọ́. Ohun tí ìdáríjì kọ̀ ni kí a máa retí ìṣubú rẹ̀.

Ìtàn àwa Onítẹ̀bọmi kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1888, aáwọ̀ pẹ̀lú míṣọ́nnárì pín ìjọ wa ní Èkó sí méjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀; D. B. Vincent, tí ó di Mojọlá Agbẹ̀bí lẹ́yìn náà, wà nínú àwọn aṣáájú wọn. Ní ọdún 1914, àwọn ìjọ míṣọ̀n àti àwọn ìjọ tí ó dá dúró para pọ̀ dá Ẹgbẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀, Agbẹ̀bí yìí kan náà ni wọ́n sì fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ìtàn kò pa aáwọ̀ náà rẹ́. A ń kà á títí di òní. Ṣùgbọ́n wọ́n rí iṣẹ́ Olúwa tí wọ́n lè jùmọ̀ ṣe. Àwọn àgbà wa sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gùn. Èéṣe tí tiwa yóò fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ará, ta ni ìwọ ń yà fún ní ọ̀nà? Ní ọ̀sẹ̀ yìí, dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà lójoojúmọ́, kì í ṣe láti fi í sùn, bí kò ṣe láti tọrọ ire fún un. Lẹ́yìn náà, lọ kí i. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láti sọ, sọ ọ́ fún òun nìkan. Bí kò bá tilẹ̀ gbà, ìwọ ti wa gbòǹgbò tìrẹ. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ ràn wá lọ́wọ́. Àmín.

Fún Ìjíròrò
1. Kí ni Dáfídì ìbá ti ṣe tí ìkorò Ábsálómù kì bá fi dàgbà?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá ìdákẹ́jẹ́ wa jẹ́ sùúrù tàbí ìkorò?